Kí ló dé tí Gúúsù Amẹ́ríkà fi ya nígbà tí Lincoln ti ní òun ò ní fọwọ́ kan ẹrú wọn?

Ìbéèrè òǹkàwé: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi là á yé mi. Gbogbo ìgbà ni mo máa ń gbọ́ pé ọ̀rọ̀ ẹrú ló dá ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ Lincoln fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun kò ní fọwọ́ kan oko ẹrú níbi tó wà. Àwọn kan tún ní owó ibodè àti ẹ̀tọ́ ìpínlẹ̀ ni wọ́n ń jà lé lórí, pé wọ́n kàn fi ẹrú bojú ni. Èwo ni ká gbà?"

Ìdáhùn: Ẹ kú ìbéèrè o. Ohun tí ẹ gbọ́ nípa Lincoln, òótọ́ ni. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹta ọdún 1861, lọ́jọ́ tí wọ́n búra fún un gẹ́gẹ́ bí ààrẹ, ó sọ ọ́ ní gbangba pé òun kò gbèrò láti da oko ẹrú láàmú ní ìpínlẹ̀ tó ti wà, pé òun ò tiẹ̀ rò pé òfin fún òun lágbára bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ ìpínlẹ̀ 7 ti ya kúrò lára orílẹ̀-èdè náà kó tó lanu. Ọ̀rọ̀ owó ibodè àti ẹ̀tọ́ ìpínlẹ̀ ni kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, màá sì dé ibẹ̀. Ẹrú ni wọ́n ń jà lé lórí. Ṣùgbọ́n ẹrú tó wà lóko ní South Carolina kọ́ ni wọ́n ń fà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ẹrú tó sá dé Boston ni, àti èyí tí wọ́n fẹ́ kó lọ sí Kansas, àti èyí tí wọ́n fẹ́ kó lọ sí ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà lọ́wọ́ Mẹ́síkò.

Ìdí rẹ̀ ni pé ilẹ̀ kì í sá fún olówó rẹ̀, ilé kì í sá, ẹrú ní ẹsẹ̀. Ó tún ní etí, ó ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Ọwọ́ olówó rẹ̀ nìkan kò ká a: àfi kó rí ẹ̀ṣọ́ tó ń rìn lóru, adájọ́ tó máa gbè é, aládùúgbò tó máa mú ẹni tó bá ń sá lọ, àti ìpínlẹ̀ kejì tó máa dá a padà. Oko ẹrú kò lè dá dúró láìsí òfin lẹ́yìn rẹ̀, òfin náà sì gbọ́dọ̀ gùn kọjá ààlà ìpínlẹ̀ tí ẹrú wà. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé gbogbo ìjà ọdún 40 tó ṣáájú ogun, ìjà lórí ta ló máa di ìjọba àpapọ̀ mú ni.

Ẹ jẹ́ ká ti orí ìṣirò bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń sáré kọjá. Nígbà tí wọ́n jókòó kọ ìwé òfin ìpìlẹ̀ ní Philadelphia lọ́dún 1787, wọn ò jẹ́ kí wọ́n kọ "ẹrú" sínú rẹ̀. "Àwọn ènìyàn yòókù" ni wọ́n pè wọ́n. Bẹ́ẹ̀, ibi mẹ́ta ni wọ́n ti ṣòfin lé wọn lórí: ìjọba àpapọ̀ kò gbọ́dọ̀ fòfin de kíkó ẹrú wọ̀lú títí di 1808, ẹni tó bá sá kúrò lábẹ́ olówó rẹ̀ lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn, wọ́n gbọ́dọ̀ dá a padà, bí wọ́n bá sì ń ka èèyàn láti pín àga ilé aṣojú-ṣòfin, ẹrú 5 á dúró fún èèyàn 3. Ẹ wo South Carolina nínú ìkànìyàn 1860. Àwọn aláwọ̀ funfun ibẹ̀ kò pé 300,000. Ẹrú ibẹ̀ lé ní 402,000. Ẹ mú ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún 402,000, nǹkan bí 241,000 ló máa bọ́ sílẹ̀, ìyẹn sì ni wọ́n á fi kún iye tí wọ́n fi ń pín àga. Ẹrú kò dìbò, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ ń bá olówó rẹ̀ ra àga ní Washington. Iye àga yẹn náà ló sì ń bá wọn pinnu iye ìbò tí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní bí wọ́n bá ń yan ààrẹ.

Pẹ̀lú gbogbo ẹ̀ náà, Àríwá ṣì ń pọ̀ jù wọ́n lọ. Nígbà tí àwọn ará Ireland àti Jámánì wá bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọ̀lú láti 1840 síwájú, tí ọ̀pọ̀ wọn ń fìdí kalẹ̀ sí Àríwá, àlàfo náà tún fẹ̀ sí i. Ilé aṣòfin àgbà ló kù tí Gúúsù lè sá sí. Ibẹ̀, ìpínlẹ̀ kékeré, ìpínlẹ̀ ńlá, aṣòfin 2-2 ni. Tí iye ìpínlẹ̀ ẹlẹ́rú bá ti bá iye ìpínlẹ̀ tí kò lẹ́rú dọ́gba, kò sí òfin tó máa kọjá tí Gúúsù kò fẹ́. Nítorí náà, ìpínlẹ̀ tuntun kọ̀ọ̀kan tó bá fẹ́ wọlé, ìjà ni.

Òwú ló jẹ́ kí wọ́n máa wá ilẹ̀ tuntun. Òwú tó lè hù káàkiri inú ilẹ̀ Gúúsù, hóró rẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ ọn pinpin; ọwọ́ ni wọ́n fi ń yọ ọ́, èèyàn kan kò sì ní yọ ju nǹkan bí pọ́ùn 1 lọ lójúmọ́. Ní 1793, Eli Whitney ṣe ẹ̀rọ tó ń ya hóró kúrò lára òwú, iṣẹ́ tó jẹ́ ìdíwọ́ tẹ́lẹ̀ sì di kíákíá. Ẹrú tó wà ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1790 jẹ́ nǹkan bí 700,000. Nígbà tó fi máa di 1860 wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 4, òwú nìkan sì lé ní ìdajì owó gbogbo ohun tí Amẹ́ríkà ń tà sókè òkun. Àmọ́ òwú máa ń jẹ ilẹ̀ run. Àwọn olóko ń ṣí lọ sí ìwọ̀ oòrùn, láti Georgia dé Alabama, dé Mississippi, dé Texas. Àwọn ará Virginia, tí ilẹ̀ wọn ti gbó, wá di ẹni tó ń ta ènìyàn fún àwọn oko tuntun yẹn. Ẹni tó dàgbà tó lágbára ń tó 1,000 dọ́là, ó tún ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá ti ilẹ̀ tuntun pa, owó ẹrú á wálẹ̀ lọ́jà Richmond. Ẹni tí ò ní éékà ilẹ̀ kan ní ìwọ̀ oòrùn náà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọ̀hún kan àpò òun.

Ìjà àkọ́kọ́ tó le dé ní 1819, nígbà tí Missouri fẹ́ wọlé. Nígbà tí ọdún náà fi máa parí, ìpínlẹ̀ 22 ló wà, 11 lẹ́rú, 11 kò lẹ́rú. Aṣojú-ṣòfin kan láti New York, James Tallmadge, ní kí wọ́n má kó ẹrú kún ti Missouri mọ́, kí ọmọ tí àwọn ẹrú ibẹ̀ bá sì bí di òmìnira tó bá pé ọdún 25. Ilé aṣojú gbà á, ilé àgbà kọ̀ ọ́. Ní 1820 ni wọ́n rí ọgbọ́n dá: Missouri á wọlé pẹ̀lú ẹrú, Maine á wọlé láìsí ẹrú, wọ́n á sì fa ìlà kan la ilẹ̀ tí wọ́n rà lọ́wọ́ Faransé já, ní ìwọ̀n (dìgírì) 36 àti ààbọ̀ sí àríwá. Yàtọ̀ sí Missouri fúnra rẹ̀, òkè ìlà yẹn kò gbọ́dọ̀ lẹ́rú. Ọdún 34 ni ìlà náà fi dúró, ìyẹn sì gùn ju bí gbogbo àdéhùn tó tẹ̀ lé e ti pẹ́ tó.

Nǹkan kejì tó ń mú kí ilé dákẹ́ ni pé wọn kì í jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ náà. Láti 1836 títí di 1844, ìwé ẹ̀bẹ̀ èyíkéyìí tó bá dárúkọ oko ẹrú, ilé aṣojú-ṣòfin á tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ láìkà á. John Quincy Adams, tó ti ṣe ààrẹ rí tó sì padà wá ṣe aṣojú-ṣòfin, fi ọdún mẹ́jọ bá wọn jà kí òfin yẹn tó kú. Ṣáájú ìgbà náà, ní 1835, àwọn èrò ti wọ ilé ìfìwéránṣẹ́ Charleston, wọ́n kó ìwé àwọn tó ń tako ẹrú tó wà níbẹ̀, wọ́n dáná sun ún. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń bọ́ sọ́wọ́ nìyẹn o: ẹni tó wà ní New York tó ń tẹ ìwé tirẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́, wọ́n ní ó ń ba dúkìá àwọn ará Charleston jẹ́.

Ìjọ Ọlọ́run náà kò bọ́. Àwọn Mẹ́tọ́díìsì pín sí méjì ní 1844, àwọn Onítẹ̀bọmi tẹ̀ lé e ní 1845 lórí bóyá ẹni tó lẹ́rú lè jẹ́ míṣọ́nnárì. Apá Gúúsù tó dá dúró yẹn ló rán Thomas Jefferson Bowen wá sílẹ̀ wa; Badagry ló gúnlẹ̀ sí ní 1850, ó sì ṣiṣẹ́ ní Ìjàyè àti Ògbómọ̀ṣọ́. Ìpínyà tó bí ìjọ Onítẹ̀bọmi ní ilẹ̀ Yorùbá, ìpínyà lórí ẹrú ni. Wọn kì í sábà sọ ọ́ lórí pẹpẹ.

Ogun Mẹ́síkò ló wá da omi àlàáfíà rú. Láti 1846 sí 1848 ni wọ́n jà á, Amẹ́ríkà sì gba ilẹ̀ rẹpẹtẹ tó dé etí òkun Pàsífíìkì. Ìlà Missouri kò kan ilẹ̀ yìí, ilẹ̀ tí wọ́n rà lọ́wọ́ Faransé nìkan ni wọ́n fà á lé. Wọn ò tíì gba ilẹ̀ náà tán tí David Wilmot ti Pennsylvania fi dábàá ní oṣù kẹjọ 1846 pé kí ẹrú má dé ibẹ̀ rárá. Ilé aṣojú gbà á. Ó kú nílé àgbà. Ohun tó yẹ kí ẹ wò níbẹ̀ ni bí ìbò náà ṣe pín. Títí di ìgbà yẹn, ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú Whig máa ń dìbò pẹ̀lú Whig, ọmọ ẹgbẹ́ Democrat pẹ̀lú Democrat. Lórí àbá Wilmot, ará Àríwá dìbò pẹ̀lú ará Àríwá, ará Gúúsù pẹ̀lú ará Gúúsù. Ẹgbẹ́ òṣèlú tó ti ń so apá méjèèjì pọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tú látìgbà náà.

Wúrà wá jáde ní California, èrò rọ́ lọ síbẹ̀, nígbà tó sì di 1850 wọ́n ní àwọn fẹ́ wọlé láìsí ẹrú. Ìpínlẹ̀ ẹlẹ́rú 15, tí kò lẹ́rú 15: California ló máa sọ ọ́ di 16 sí 15. Henry Clay, aṣòfin àgbà láti Kentucky, kó àdéhùn jọ, Stephen Douglas ti Illinois ló gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ tó fi kọjá. California wọlé, wọ́n fòfin de ọjà ẹrú ní Washington, Utah àti New Mexico á fúnra wọn pinnu, Texas gba mílíọ̀nù 10 dọ́là kó lè gbàgbé ilẹ̀ tó ń jà fún. Gúúsù wá gba òfin tuntun lórí ẹrú tó bá sá. Nínú gbogbo ohun tó wà nínú àdéhùn yẹn, òfin yìí ló ba nǹkan jẹ́ jù, mo sì fẹ́ kí ẹ rí bó ṣe ń ṣiṣẹ́.

Ẹni tó bá ní ẹrú òun sá á gba ìwé ìbúra láti kóòtù ìlú rẹ̀, á gbé e wá sí Boston tàbí Philadelphia, síwájú kọmíṣánnà ìjọba àpapọ̀. Kò sí ìgbìmọ̀ ará ìlú tó máa jókòó gbọ́ ẹjọ́ náà. Ẹni tí wọ́n mú kò lè sọ̀rọ̀ fún ara rẹ̀. Òfin ní wọn ò gbọ́dọ̀ gba ẹ̀rí rẹ̀. Tí kọmíṣánnà bá ní kí wọ́n mú un lọ, ó gba 10 dọ́là. Tó bá ní kí wọ́n tú u sílẹ̀, 5 dọ́là. Àlàyé tí wọ́n ṣe ni pé ìwé ẹni tí wọ́n ń dá padà pọ̀ ju ti ẹni tí wọ́n tú sílẹ̀ lọ. Ẹ fojú ara yín wò ó. Ọlọ́pàá àpapọ̀ lè nawọ́ sí ẹnikẹ́ni lójú títì pé kó wá bá òun lé e. Ẹni tó bá fún un lóúnjẹ tàbí tó fi í pamọ́, owó ìtanràn tó tó 1,000 dọ́là àti ẹ̀wọ̀n oṣù 6 ló ń dúró dè é, yóò sì tún san 1,000 dọ́là fún olówó ẹrú. Bẹ́ẹ̀ òfin náà kò sọ iye ọdún tó ti kọjá tí ẹni náà ti sá. Ẹni tó ti ń gbé ní Pennsylvania fún ogún ọdún, tó ti bímọ síbẹ̀, ni wọ́n lè wá mú láàárọ̀ ọjọ́ kan.

Lóṣù karùn-ún 1854 ni wọ́n mú Anthony Burns ní Boston. Àwọn èrò fẹ́ fọ kóòtù gbà á, èèyàn kan kú. Ìjọba kó sójà jáde, wọ́n tò sí ẹ̀gbẹ́ títì láti kóòtù dé èbúté, wọ́n sì mú ọkùnrin kan ṣoṣo gba àárín wọn lọ sínú ọkọ̀. Àwọn ọlọ́jà fi aṣọ dúdú bo iwájú ilé wọn. Oníṣòwò tí kò bìkítà nípa ẹrú lánàá, tó ń fi òwú Gúúsù ṣe owó gan-an, wá rí i pé ìjọba òun fúnra rẹ̀ ló ń lo ìbọn láti di ẹrú ẹlẹ́rú mú ní ìlú òun. Lẹ́yìn náà ni àwọn ìpínlẹ̀ Àríwá ń ṣòfin pé wọn ò gbọ́dọ̀ lo ẹ̀wọ̀n ìpínlẹ̀ wọn fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, pé ẹni tí wọ́n mú gbọ́dọ̀ ní lọ́yà. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a máa padà bá a.

Lọ́dún kan náà ni Douglas ṣe àṣìṣe tó tóbi jù. Ó fẹ́ kí ọ̀nà ojú irin láti Chicago la ilẹ̀ Kansas àti Nebraska kọjá, ilẹ̀ náà kò sì tíì ní ìjọba. Kó lè rí ìbò Gúúsù, ó gbà kí wọ́n pa ìlà Missouri rẹ́: kí àwọn ará ibẹ̀ fúnra wọn dìbò bóyá àwọn á lẹ́rú. Ààrẹ Pierce buwọ́ lù ú ní ọjọ́ 30 oṣù karùn-ún. Lójú, ó dà bí ìjọba tiwa-n-tiwa. Àmọ́ òfin náà kò sọ ìgbà tí wọ́n máa dìbò, kò sì sọ bí wọ́n á ṣe mọ ẹni tó jẹ́ ará ìlú lóòótọ́. Kansas sì rèé, odi ni òun àti Missouri fi pààlà.

Wọ́n ka àwọn tó tó dìbò ní Kansas níbẹ̀rẹ̀ 1855: 2,905. Nígbà tó di ọjọ́ ìdìbò, ọjọ́ 30 oṣù kẹta, ìbò tó wà nínú àpótí jẹ́ 6,307. Àwọn ará Missouri ti gbé ìbọn àti àgọ́, wọ́n sọdá, wọ́n dìbò, wọ́n padà sílé. Ilé ìgbìmọ̀ tí wọ́n fi èrú yàn yẹn wá ṣòfin pé ẹni tó bá sọ ọ́ lẹ́nu tàbí tó kọ ọ́ síwèé pé ẹnikẹ́ni ò lẹ́tọ̀ọ́ láti lẹ́rú ní Kansas, ẹ̀wọ̀n ni. Àwọn tí kò fẹ́ ẹrú kọ̀, wọ́n dá ìjọba tiwọn sílẹ̀ ní Topeka. Ìjọba méjì, ilẹ̀ kan. Ìbọn ń ti Àríwá bọ̀ nínú àpótí. Ní ọjọ́ 21 oṣù karùn-ún 1856 àwọn ẹlẹ́rú ya wọ Lawrence, ìlú àwọn tí kò fẹ́ ẹrú, wọ́n dáná sun òtẹ́ẹ̀lì ibẹ̀, wọ́n fọ́ ilé ìtẹ̀wé. Lọ́jọ́ kejì, nínú ilé aṣòfin àgbà ní Washington, Preston Brooks ti South Carolina lọ bá Charles Sumner ti Massachusetts lórí àga rẹ̀, ó sì fi ọ̀pá lù ú dákú nítorí ọ̀rọ̀ tó sọ lórí Kansas; nǹkan bí ọdún mẹ́ta ni Sumner kò fi lè ṣiṣẹ́ rẹ̀ dáadáa. Owó ìtanràn 300 dọ́là ni Brooks san. Àwọn ará agbègbè rẹ̀ tún yàn án, wọ́n sì ń fi ọ̀pá tuntun ránṣẹ́ sí i. Ní òru ọjọ́ 24, John Brown, ọ̀tá oko ẹrú, àti àwọn èèyàn rẹ̀ fa ọkùnrin 5 tó wà níhà àwọn ẹlẹ́rú jáde nílé wọn ní Pottawatomie Creek, wọ́n pa wọ́n. Ẹ wo àwọn ọjọ́ náà: gbogbo rẹ̀ kò ju ọjọ́ mẹ́rin lọ.

Kansas pa ẹgbẹ́ Whig, ó sì bí ẹgbẹ́ Republican, ẹgbẹ́ tí kò ní èèyàn ní Gúúsù rárá, tí ète rẹ̀ sì jẹ́ pé kí ẹrú má dé ilẹ̀ tuntun kankan mọ́. Kò ní kí wọ́n gba ẹrú Gúúsù lọ́wọ́ Gúúsù. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni da méjèèjì pọ̀ mọ́ yín lójú.

Nígbà tí ìbò kò yanjú ẹ̀, wọ́n gbé e lọ sí kóòtù. Dred Scott, ẹrú dókítà sójà kan, ti bá olówó rẹ̀ gbé ní Illinois àti ní Fort Snelling, òkè ìlà Missouri, ibi tí òfin kò gba ẹrú. Ó pẹjọ́ ní St. Louis ní 1846 pé òun ti di òmìnira. Ọdún 11 lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 6 oṣù kẹta 1857, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dá a lẹ́bi, 7 sí 2. Adájọ́ àgbà Roger Taney kọ ọ́ pé aláwọ̀ dúdú kò lè jẹ́ ọmọ ìlú Amẹ́ríkà, nítorí náà kò lè pẹjọ́. Kò dúró síbẹ̀. Ó ní ìjọba àpapọ̀ kò lágbára láti fòfin de ẹrú ní ilẹ̀ tuntun kankan, pé ìlà Missouri kò bófin mu láti ìbẹ̀rẹ̀. Ààrẹ tuntun, Buchanan, ti ń bá àwọn adájọ́ kọ̀wé lábẹ́lẹ̀ kí ìdájọ́ tó jáde. Ọjọ́ méjì ṣáájú, nígbà ìbúra rẹ̀, ó ní kí gbogbo èèyàn gba ohun tí kóòtù bá sọ.

Ibi tí ìdájọ́ yẹn ti ṣe jàǹbá ni pé ó sọ ète ẹgbẹ́ Republican di ohun tí kò bófin mu, bí ẹni sọ fún ẹgbẹ́ tó ń gbajúmọ̀ jù ní Àríwá pé wọn ò tiẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti wà. Ó sì tún gé ẹsẹ̀ Douglas: tí ìjọba àpapọ̀ kò bá lè fòfin dè é, báwo ni ìlú kékeré tí ìjọba náà dá sílẹ̀ ṣe máa ṣe é? Lincoln bi í ní Freeport, Illinois, ní ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ 1858. Douglas dáhùn pé ó rọrùn: oko ẹrú kò lè wà fún ọjọ́ kan níbi tí kò bá ti sí òfin ọlọ́pàá ìbílẹ̀ tó ń dì í mú, nítorí náà kí àwọn ará ibẹ̀ má kàn ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Gúúsù kò dárí jì í láéláé. Ó tún ti bá Buchanan jà lórí ìwé òfin tí àwọn ẹlẹ́rú kọ fún Kansas ní Lecompton. Nígbà tí wọ́n dìbò tó mọ́ lé e lórí lóṣù kẹjọ 1858, ó ju 11,000 tó kọ̀ ọ́, àwọn tó gbà á kò tó 2,000.

Ìdáhùn Douglas ní Freeport ló jẹ́ kí Gúúsù wá béèrè fún nǹkan tuntun: kí ìjọba àpapọ̀ fúnra rẹ̀ ṣòfin tó máa ṣọ́ ẹrú ní gbogbo ilẹ̀ tuntun, bóyá àwọn ará ibẹ̀ fẹ́ tàbí wọn ò fẹ́. Ohun tí wọ́n gbé lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ Democrat ní Charleston nìyẹn, lóṣù kẹrin 1860. John Brown ti kọlu ilé ìkóhun-ìjà-sí ní Harpers Ferry lóṣù kẹwàá tó ṣáájú, wọ́n ti yẹgi fún un, ojú àwọn ará Gúúsù sì ti pọ́n. Nígbà tí ìpàdé kọ ohun tí wọ́n béèrè, Alabama ló kọ́kọ́ jáde, àwọn mìíràn tẹ̀ lé e. Òfin ẹgbẹ́ náà ní ẹni tó máa du ipò ààrẹ gbọ́dọ̀ ní ìdá méjì nínú mẹ́ta, ìyẹn 202 nínú 303. Ẹ̀ẹ̀mẹtàdínlọ́gọ́ta ni wọ́n dìbò, Douglas kò rí i. Wọ́n tú ká. Àwọn méjèèjì wá fa ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kalẹ̀: Douglas fún Àríwá, Breckinridge fún Gúúsù. Ẹgbẹ́ tó ṣẹ́kù tó ń so orílẹ̀-èdè náà pọ̀ ti ya.

Lincoln wọlé ní ọjọ́ 6 oṣù kọkànlá pẹ̀lú nǹkan bí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ìbò, ṣùgbọ́n ó gba 180 nínú 303 ìbò tó ń yan ààrẹ. Ní ìpínlẹ̀ Gúúsù 10, kò sí ẹyọ ìbò kan fún un. Ẹ fi ara yín sípò olóko kan ní Mississippi. Ẹni tí kò nílò ìbò yín rárá ti di ààrẹ. Á ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i ní 1864. Òun ló máa yan ọ̀gá ilé ìfìwéránṣẹ́ ní ìlú yín, àti ọ̀gá ibodè, àti adájọ́ tó bá kú. Ìwé tí wọ́n sun ní 1835, ta ló máa sun ún báyìí? Àwọn aláwọ̀ funfun tí kò lẹ́rú, tí wọ́n pọ̀ ju àwọn tó ní lọ, bí wọ́n bá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹgbẹ́ Republican ti dé ẹ̀yìnkùlé nìyẹn. Ìpínlẹ̀ tí kò lẹ́rú sì ti di 18 sí 15, Kansas tún ń bọ̀. Kò sídìí tí Lincoln fi máa fọwọ́ kan ẹrú ẹnikẹ́ni kí ẹ tó mọ ibi tó ń lọ.

South Carolina ya ní ọjọ́ 20 oṣù kejìlá, ìbò 169 sí òdo. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 1 oṣù kejì, Mississippi, Florida, Alabama, Georgia, Louisiana àti Texas ti tẹ̀ lé e.

Ẹni tó bá sọ fún yín pé ẹ̀tọ́ ìpínlẹ̀ ni, ẹ ní kó lọ ka ìwé tí South Carolina fúnra rẹ̀ gbé jáde ní ọjọ́ 24 oṣù kejìlá. Ẹ̀sùn tó gùn jù nínú rẹ̀ ni pé àwọn ìpínlẹ̀ Àríwá ń lo ẹ̀tọ́ wọn: wọ́n ń ṣòfin láti dí òfin àpapọ̀ lórí ẹrú tó sá lọ́wọ́. Àwọn òfin tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn nìyẹn. Ìwé Mississippi kò tilẹ̀ yí i po; ó ní ipò àwọn àti ti oko ẹrú, ọ̀kan náà ni. Alexander Stephens, igbákejì ààrẹ ìjọba tuntun tí àwọn ìpínlẹ̀ tó ya dá sílẹ̀, sọ ní Savannah ní ọjọ́ 21 oṣù kẹta 1861 pé òkúta igun ilé ìjọba àwọn ni pé aláwọ̀ dúdú kò bá aláwọ̀ funfun dọ́gba, pé oko ẹrú ni ipò rẹ̀. Ìwé òfin wọn sì pàṣẹ pé ní ilẹ̀ tuntun èyíkéyìí tí wọ́n bá gbà, ìjọba gbọ́dọ̀ dáàbò bo ẹrú. Wọn ò fi ìyẹn sílẹ̀ fún ará ilẹ̀ náà láti pinnu.

Ti owó ibodè kò le láti tú. South Carolina bá Ààrẹ Andrew Jackson fà á gan-an ní 1832, wọ́n sì parí rẹ̀ ní 1833 láìjagun. Òfin tó wà nílẹ̀ nígbà tí wọ́n ya ni ti 1857, tó dín owó náà kù, tí àwọn ará Gúúsù sì dìbò fún. Owó ibodè tó ga tí wọ́n máa ń tọ́ka sí, oṣù kẹta 1861 ló di òfin, lẹ́yìn tí ọ̀pọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ 7 náà ti jáde kúrò nílé. Ká ní wọ́n jókòó ni, wọn ì bá lè dá a dúró.

Ohun kan wà tó kan àwa gan-an níhìn-ín. Láàárín ọdún 1850 sí 1860, àwọn kan ní Gúúsù ń pariwo pé kí wọ́n ṣí òwò ẹrú òkun padà, òwò tí wọ́n ti fòfin dè láti 1808. Ìpàdé àwọn oníṣòwò wọn ní Vicksburg ní 1859 fọwọ́ sí i. Timothy Meaher, olóko kan ní Alabama, kò dúró de òfin. Ọkọ̀ rẹ̀, Clotilda, kó nǹkan bí 110 ènìyàn láti Ouidah, ó sì dé Mobile lóṣù keje 1860, oṣù mẹ́rin ṣáájú ìbò Lincoln. Wọ́n dáná sun ọkọ̀ náà láti pa ẹ̀rí rẹ́. Ìgbà tó di 2019 ni wọ́n kéde pé wọ́n ti rí àwókù rẹ̀. Ọmọ Yorùbá wà nínú wọn. Oluale Kossola, tí wọ́n ń pè ní Cudjo Lewis lọ́hùn-ún, ọmọ Bantè ní ilẹ̀ Benin òde òní ni. Ó wà lára àwọn tó tẹ Africatown dó lẹ́yìn ogun, ó sì wà láàyè títí di 1935. Síbẹ̀ ìwé òfin tuntun Gúúsù fòfin de kíkó ẹrú wá láti òkè òkun. Àánú kọ́: Virginia kò ní fẹ́ kí ẹlòmíràn wá ba ọjà òun jẹ́, wọ́n sì ń fẹ́ ojú rere ìlú Òyìnbó.

Wọ́n gbìyànjú àdéhùn kan sí i. John Crittenden ti Kentucky ní kí wọ́n na ìlà Missouri dé Pàsífíìkì, kó kan ilẹ̀ tí wọ́n bá tún gbà lọ́jọ́ iwájú. Gbogbo èèyàn mọ̀ pé Cuba àti Mẹ́síkò ni "ọjọ́ iwájú" yẹn ń wò. Lincoln kọ̀wé sí àwọn tirẹ̀ pé kí wọ́n má gbà lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tuntun. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹrin 1861, nígbà tó rán oúnjẹ sí àwọn sójà tó wà ní Fort Sumter létí òkun Charleston, ìbọn ńlá Gúúsù dún. Lincoln pe 75,000 sójà. Virginia, Arkansas, Tennessee àti North Carolina náà ya. Ìpínlẹ̀ ẹlẹ́rú 4 dúró: Maryland, Delaware, Kentucky àti Missouri.

Ọ̀rọ̀ Lincoln tí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè yín, wọ́n tiẹ̀ fẹ́ fi sínú ìwé òfin ìpìlẹ̀ gan-an. Láàárín òpin oṣù kejì sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta 1861, ilé aṣòfin méjèèjì fọwọ́ sí àtúnṣe ìwé òfin kan tó ní ìjọba àpapọ̀ kò ní lè fọwọ́ kan oko ẹrú láéláé ní ìpínlẹ̀ tó bá wà. Lincoln ní òun kò lòdì sí i. Ẹ̀rí tó dájú jù tí Gúúsù lè gbà nìyẹn lórí ẹrú tó wà nílé, síbẹ̀ kò sí ìkankan nínú àwọn ìpínlẹ̀ 7 náà tó padà wá, torí kò sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tuntun nínú rẹ̀. Ká ní ìpínlẹ̀ tó pọ̀ tó fọwọ́ sí i ni, òun ni ì bá jẹ́ àtúnṣe ẹlẹ́ẹ̀kẹtàlá. Èyí tó wá jẹ́ ẹlẹ́ẹ̀kẹtàlá lóòótọ́, lóṣù kejìlá 1865, òun ló fòpin sí oko ẹrú.